Èsì: Mò ń fín oògùn lálaalẹ́, ẹ̀fọn ò dín

Ẹ kú ìrọ́jú. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe oògùn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú àgbá tẹ́ ẹ fi ń gbe omi òjò. Tẹ́ ẹ bá rí tanwíji tó ń jà lójú omi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Bí ọjọ́ 7 sí 10 ni wọ́n fi ń di ẹ̀fọn, nítorí náà ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ fọ inú àgbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì dé e.

Odò Ọ̀ṣun tẹ́ ẹ ní ó wà nítòsí yín, ẹ má di ẹ̀bi rù ú o, omi tó ń ṣàn kò fi bẹ́ẹ̀ gba tanwíji.

Tó bá jẹ́ gọ́tà àdúgbò ló dí, dída omi àgbá nù nìkan ò ní í tó: ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Níta, ẹ gbé fáànù sílẹ̀ kó máa fẹ́ sẹ́sẹ̀. Èéfín efinrin? Ó ń lé wọn díẹ̀, àmọ́ èmi ló ń kọ́kọ́ lé.