Ṣé apoB àti apoA-I (purotéènì tó wà lára àwọn hóró tó ń gbé ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀) ń fi ewu metabolic syndrome (àkójọ àwọn àmì tó ń mú ewu àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ pọ̀ sí) hàn lára àgbàlagbà ará Gúúsù Kòríà?

Bẹ́ẹ̀ ni, àgàgà tí a bá fi apoA-I pín apoB: bí èsì bá ṣe ga sí ni ewu ń pọ̀ sí. ApoB kan ṣoṣo ló wà lára hóró LDL tàbí VLDL (àwọn hóró tó ń gbé ọ̀rá kiri nínú ẹ̀jẹ̀) kọ̀ọ̀kan, nítorí náà iye hóró gan-an ló ń sọ. LDL kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lè tanni níbẹ̀: bí triglyceride (irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀) bá ga, hóró LDL á wẹ́, á sì pọ̀, síbẹ̀ èsì àyẹ̀wò lè dà bíi pé kò séwu. ApoA-I ní tirẹ̀, ti HDL ni, ìyẹn hóró tó ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kúrò.

Àmọ́ dókítà kì í fi wọ́n pe àìsàn náà. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú márùn-ún yìí ni wọ́n ń sọ pé ó ní in: àyíká ikùn tó tó 90 sẹ̀ǹtímítà fún ọkùnrin, 85 fún obìnrin (ti Amẹ́ríkà, 102 àti 88, ti fẹ̀ jù fún ará Kòríà), triglyceride tó tó 150 mg/dL, HDL tí kò tó 40 fún ọkùnrin, 50 fún obìnrin, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó tó 130/85, ṣúgà àìjẹun tó tó 100.