Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe akọni ní ẹlẹ́dẹ̀? Ìtumọ̀ "Hogs" nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó ń gbé ní Maryland mú mi lọ kí bàbá kan ládùúgbò rẹ̀. Bàbá náà gbé àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan kọ́ ògiri, ó ní "Hogs" nìyẹn, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Ìgbà tí ọmọ mi sọ fún mi pé ẹlẹ́dẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹnu yà mí. Ṣé wọn kì í bínú ni? Iṣẹ́ wo ni wọ́n tilẹ̀ ń ṣe?

Ìdáhùn: Wọn kì í bínú o, Mà. Oríkì ni wọ́n sọ ọ́ dà. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá pe èèyàn ní ẹlẹ́dẹ̀, ìdọ̀tí là ń bá wí. Àwa náà la ń sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣoge. Joe Bugel fi ojú mìíràn wo ẹran yìí. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ará iwájú nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Washington, ibi ìdánrawò wọn ní 1982 ló sì ti pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní hogs. Orúkọ náà dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ẹlẹ́dẹ̀ a máa dorí kodò, a fi imú túlẹ̀, kò sì ní wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun. Iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn.

Agbábọ́ọ̀lù 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Nínú ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn márùn-ún a tò síwájú: center láàárín, guard lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, tackle ní ìkángun méjèèjì. Center ló ń ti bọ́ọ̀lù gba àárín itan rẹ̀ sẹ́yìn fún quarterback, ẹni tó ń darí eré, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kí bọ́ọ̀lù máa lọ, kí àwọn máa jà. Bí quarterback bá fẹ́ jù ú, wọ́n á yí i ká bí ọgbà. Bí ẹlòmíì bá fẹ́ gbé e sáré, wọ́n á ti àwọn alátakò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí àlàfo á fi ṣí. Òfin ò tilẹ̀ gbà kí wọ́n hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú, àfi kí ẹnìkan nínú wọn kọ́kọ́ lọ fi ara rẹ̀ hàn rẹfirí. Ó dùn mí pé ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ nìkan la sábà máa ń gbọ́ nọ́ńbà wọn: bí wọ́n bá di alátakò mú, ẹgbẹ́ wọn á fi yáàdì 10 rọ̀ sẹ́yìn, bí wọ́n bá mira kó tó tó àkókò, yáàdì 5.

Ẹ fi ojú sí tackle apá òsì. Quarterback tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù bọ́ọ̀lù kọ ẹ̀yìn sí apá òsì, kò lè rí ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀. Tackle yìí ni ojú tó ní lẹ́yìn. Joe Jacoby ló ń ṣe é fún Washington. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1985, Jacoby fara pa, kò gbá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Lawrence Taylor ti New York Giants já wọlé bá Joe Theismann, quarterback wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Theismann ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí inú bàbá yẹn ń dùn sí, mo fura pé ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1983 ni, nígbà àṣekágbá ní Pasadena. Miami ń fi 17 sí 13 ṣáájú. Nínú ìgbìyànjú mẹ́rin tí wọ́n ń fún ẹgbẹ́ láti fi sún síwájú ní yáàdì 10, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo fún Washington, yáàdì kan ni wọ́n sì ń wá. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún John Riggins, ó yà sí apá òsì, lọ́dọ̀ Jacoby àti Russ Grimm, kò sì dúró títí ó fi sá yáàdì 43 wọlé. Washington borí, 27 sí 17. Riggins tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré yìí pàápàá, Hogs ni wọ́n kà á mọ́, ó sì kà á sí iyì. Àwọn ọkùnrin kan wà nígbà kan rí tí wọ́n máa ń wọ gáùn obìnrin lọ sí pápá, tí wọ́n á so imú ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ imú, kí wọ́n lè yẹ́ wọn sí.

Àwọn ọmọ wa náà ti wọ iṣẹ́ yìí, Maryland yẹn náà ni wọ́n sì ti jáde. Olusegun Oluwatimi kàwé ní DeMatha ní Hyattsville. Center ni, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Outland, ti ará iwájú tó dára jù lọ, àti Rimington, ti center tó dára jù lọ, nígbà tó ń gbá fún Yunifásítì Michigan ní 2022. Olu Fashanu láti Waldorf, tackle ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ní 2024, òun ni ẹnì kọkànlá tí wọ́n mú, New York Jets ló sì mú un. Bí ẹ bá padà lọ kí bàbá yẹn, Mà, ẹ dárúkọ àwọn méjèèjì fún un, kí ẹ sì kọ́ ọ bí a ṣe ń pe Olúwatimí.