Fásitì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà mí: ṣé mo ṣì lè pààrọ̀ kọ́ọ̀sì àti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Fásitì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà mí fún másítáàsì nínú ìmọ̀ ìlera aráàlú, mo sì ti san owó àsansílẹ̀. Ìlú kékeré kan ni ọgbà náà wà. Àmọ́ kọ́ọ̀sì wọn kan tó dá lórí dátà ìlera ló wá wù mí báyìí, ọgbà wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé níbẹ̀, mi ò ní san owó ilé. Ájẹ́ǹtì mi ní kí n gba físà ná, pé tí mo bá débẹ̀ tán, mo lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi. Jọ̀ọ́, má tẹ̀lé ìmọ̀ràn yẹn. O lè pààrọ̀ kọ́ọ̀sì, o sì lè pààrọ̀ ọgbà, ṣùgbọ́n ìgbà tí o bá la ẹnu ló máa sọ bóyá ímeèlì kan ni yóò ná ọ tàbí odidi físà tuntun. Nítorí náà, kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti fún ọ ní CAS.

CAS ni nọ́ńbà tí fásitì fi ń jẹ́rìí rẹ lọ́dọ̀ Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà lọ́hùn-ún. Orúkọ kọ́ọ̀sì, ìpele rẹ̀, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, àdírẹ́sì ibi tí o ti máa kàwé, iye owó ilé-ẹ̀kọ́ àti iye tí o ti san nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tí CAS bá sọ ni òṣìṣẹ́ físà máa gbà pé o ń lọ ṣe.

Bí wọn kò bá tíì fún ọ, ọ̀rọ̀ náà ṣì rọrùn. Kọ̀wé lónìí sí ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ímeèlì tí o fi forúkọ sílẹ̀ ni kí o lò, kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ wà lórí àkọlé. Dárúkọ kọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà ọ́ fún, dárúkọ èyí tí o ń fẹ́ àti ọgbà tó wà, kí o sọ oṣù tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ṣé àyè ṣì wà, ṣé owó àsansílẹ̀ mi máa tẹ̀lé mi, ṣé ẹ̀dínwó tàbí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí ẹ fún mi ṣì dúró? Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dínwó mìíràn wà tó jẹ́ pé kọ́ọ̀sì kan tàbí ọgbà kan ṣoṣo ni wọ́n so ó mọ́.

Má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ lo ń tẹ̀ lé lọ. Kọ́ọ̀sì dátà yóò fẹ́ mọ̀ bóyá o lè ṣe ìṣirò. Bí o bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìṣirò dátà (statistics) ní fásitì, tàbí o ti bá ilé ìwòsàn kó àkọsílẹ̀ aláìsàn jọ rí, ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà nìyẹn. Lẹ́tà tí o kọ fún ìlera aráàlú kò ní ṣiṣẹ́ níhìn-ín, tún òmíràn kọ. Bí wọ́n bá gbà, ìwé ìgbaniwọlé tuntun ni kí o gbà lọ́wọ́ wọn. «A ti gbọ́» lórí fóònù kò tó. Má sì fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ títí tuntun yóò fi wà lọ́wọ́ rẹ.

Bí CAS bá ti jáde àmọ́ tí o kò tíì fi béèrè físà, o ṣì lè kọ̀wé sí wọn kí wọ́n ṣe òmíràn. Ó máa ń gba àkókò, má sì gbàgbé pé oṣù mẹ́fà péré ni CAS ní láti wúlò. Àmọ́ tí o bá ti fi béèrè físà, ó ti tán nìyẹn, o kò lè lò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi wà. Ibi tí o ti ń kàwé ni òfin físà ń wò, kò wo ibi tí o ń sùn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, ẹni tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ fi £1,529 hàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà níta Lọ́ńdọ̀nù sì máa fi £1,171 hàn, oṣù mẹ́sàn-án ló pọ̀ jù tí wọ́n ń ṣírò. Ìyẹn £13,761 ní Lọ́ńdọ̀nù, £10,539 níta rẹ̀, yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ tí o kò tíì san. Bí o pààrọ̀ ọgbà, £3,222 lo ti fi kún ohun tí o máa wá kiri, ẹ̀gbọ́n rẹ ìbáà fún ọ ní yàrá mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Owó náà kò sì lè wà nínú àkáǹtì ẹ̀gbọ́n rẹ. Tìrẹ, ti òbí rẹ tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, àti ti ọkọ tàbí aya nígbà mìíràn, ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi rí, ó to ìwé báńkì rẹ̀ sórí tábìlì, ojú-ewé mẹ́fà. Owó rẹ̀ pé. Mo wá ní kó ka àdírẹ́sì inú CAS rẹ̀ sókè fún mi. Ó kà á dé «London», ó dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pààrọ̀ ọgbà lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, kò rántí pé owó máa yí. Bàbá rẹ̀ fi èyí tó kù ránṣẹ́ kílẹ̀ tó ṣú, àmọ́ owó gbọ́dọ̀ pé nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láìdín rárá, nítorí náà láti ọjọ́ kìíní ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, Èkó ló wà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ájẹ́ǹtì rẹ. Òótọ́ ni pé ẹni tó ti wà lọ́hùn-ún lè pààrọ̀ kọ́ọ̀sì nígbà mìíràn láìgba físà tuntun: inú fásitì kan náà, tí kọ́ọ̀sì tuntun kò rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, tó bá a tan tàbí tó bá iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe lọ, tí yóò sì parí kí físà rẹ tó parí. Ṣùgbọ́n fásitì ló máa pinnu, kíláàsì sì lè ti kún. Fásitì mìíràn ńkọ́? Físà tuntun ni. Èyí tó tún burú jù ni pé òṣìṣẹ́ físà lè fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, kó bi ọ́ ìdí tí o fi yan ìlera aráàlú, nígbà tí o ti mọ̀ lọ́kàn rẹ pé o kò ní ṣe é. Irọ́ nínú ọ̀rọ̀ físà lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ èèyàn fún ọdún 10. Ọ̀pọ̀ ájẹ́ǹtì ni fásitì ń sanwó fún lórí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé, nítorí náà bí àyípadà rẹ bá fa ìdádúró, kò ní tù wọ́n lára. Mi ò sọ pé tìrẹ jẹ́ oníjìbìtì o. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ló wà lórí físà, kì í ṣe tirẹ̀.

Bí o bá bá òbí rẹ ṣírò £13,761 yẹn tó ṣeé ṣe, kọ ímeèlì náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, bi wọ́n bóyá kọ́ọ̀sì dátà náà wà ní ọgbà wọn tó wà níta Lọ́ńdọ̀nù, tàbí bóyá o lè mú ẹ̀kọ́ dátà díẹ̀ mọ́ ìlera aráàlú tí o ti gbà. Fi ímeèlì náà hàn mí kí o tó fi ránṣẹ́, màá bá ọ kà á.