Ọmọ ọdún 11, ṣé a ṣì ń sọ ọ́ lórúkọ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, òkun o. Mọ̀pà ni mo wà, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí torí ojú mi ò rí fóònù dáadáa mọ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston lòun àti ọkọ ẹ̀ fẹ́ gba ọmọ méjì ṣọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, obìnrin ọdún 11 àti ọkùnrin ọdún 8, láti ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Colombia. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. A ti rí fọ́tò àwọn ọmọ yẹn o, àmọ́ wọn ò dé, ojoojúmọ́ ni "Màmá, ó kù díẹ̀". Ṣé kì í ṣe pé àwọn gbájúẹ̀ ti mú ọmọ mi? Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọmọ tó ti gbọ́n kò lè mọ èèyàn ní ìyá mọ́, wọ́n tún ní ṣé ọmọ tán nílẹ̀ wa ni. Èmi fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kí n bá wọn tọ́jú ọmọ, kí n sì sọ wọ́n lórúkọ. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá Àgbà, Mọ̀pà)

ÌDÁHÙN: Màmá, òkun o, ẹ kú ìfojúsọ́nà. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọdún méjì nínú irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àmì gbájúẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní òun máa gbé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè fún yín lóṣù méjì gan-an ni kẹ́ ẹ sá fún.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń fà á. Colombia àti Amẹ́ríkà jọ wà nínú àdéhùn kan tí wọ́n ṣe ní Hague lọ́dún 1993, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2008. Àdéhùn yẹn ní kí ọmọ tó kúrò nílẹ̀ ẹ̀, ìjọba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí pé lóòótọ́ ni kò sí ẹbí tó lè tọ́ ọ, pé ẹnikẹ́ni ò tà á, ẹnikẹ́ni ò jí i gbé, pé wọ́n ti wá ilé fún un nílẹ̀ ẹ̀ náà tí wọn ò rí. Ìyẹn nìkan ń gba àkókò. Lọ́wọ́ ti ọmọ yín ẹ̀wẹ̀, wọ́n á wá wo ilé ẹ̀, wọ́n á wo owó báǹkì ẹ̀, wọ́n á bi ọlọ́pàá àti dókítà léèrè, wọ́n á tiẹ̀ bi òun àti ọkọ ẹ̀ pé tí wọ́n bá ń jà báwo ni wọ́n ṣe ń parí ẹ̀ (ká ní wọ́n ń bi àwa náà ká tó bímọ, ilé mélòó ni ì bá yege ní gbogbo Yàgbà!). Lẹ́yìn náà ló kan fọ́ọ̀mù I-800A lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, kí wọ́n tó túmọ̀ ìwé gbogbo sí èdè Spanish kó lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba Colombia tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, ICBF ni wọ́n ń pè é, àwọn ló ń wo ọmọ wo ló bá ilé wo mu. Tí wọ́n bá ti rí ọmọ, fọ́ọ̀mù míì tún wà, I-800, lẹ́tà tún wà láàárín ìjọba méjèèjì, kí wọ́n tó ní ẹ máa bọ̀, ọmọ yín àti ọkọ ẹ̀ á sì wà ní Colombia fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí adájọ́ á fi buwọ́ lù ú. Ìka tí wọ́n tẹ̀ fún ìmígíréṣọ̀n sì tún máa ń kú lẹ́yìn oṣù 15, wọ́n á ní kí wọ́n wá tún un tẹ̀, ni ẹ bá rí i pé bí wọ́n ṣe ń se ti ẹ̀yìn ni ti iwájú ń tutù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lábẹ́ "ó kù díẹ̀" yẹn. Ẹ̀rù ń ba ọmọ yín. Russia ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní 2013, Ethiopia fòfin dè é ní 2018, China náà ní ó tó gẹ́ẹ́ ní 2024, tó sì jẹ́ pé àwọn ìdílé kan ti ní fọ́tò ọmọ lọ́wọ́ látìgbà tí Kòrónà ò tíì dé, wọ́n ti kun yàrá sílẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Lọ́dún 2004, ọmọ tó lé ní 22,000 ló ti òkèèrè wọ Amẹ́ríkà lọ́nà yìí, báyìí wọn ò tó 2,000 lọ́dún. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé béèrè lójoojúmọ́ pé ṣé wọ́n ti dé. Ẹ béèrè pé ṣé ó ti jẹun.

Àwọn ọmọ yẹn náà ń dúró o. Àwọn tó máa ń pẹ́ jù níbẹ̀ ni àwọn tó ti dàgbà àtàwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọn ò fẹ́ pín níyà, ọmọ jòjòló ni gbogbo èèyàn ń wá. Ọdún méjì lójú tiyín kò pọ̀, àmọ́ lára ọmọ ọdún 8, ìdá mẹ́rin ayé ẹ̀ nìyẹn.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n ṣí Róòmù orí 8 ẹsẹ 15, ìsọdọmọ ló wà níbẹ̀, kò sí ọjọ́ orí níbẹ̀. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ wọn ò ṣòfo pátápátá. Ọmọ ọdún 9 ni mo jẹ́ tí wọ́n mú mi láti Ìyàrá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ẹ̀gbẹ̀, ẹbí mi ni wọ́n o, èdè wa ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kó ẹran pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí torí mi ò dá a lójú pé oúnjẹ ọ̀la á wà. Ìyàwó wọn rí i, kò nà mí. Ó kàn ń bá mi pààrọ̀ èyí tó ti ń rùn. Mi ò pè wọ́n ní Màmá títí ọdún kejì fi fẹ́ẹ̀ parí, wọn ò sì béèrè. Irú ẹ̀ lẹ máa gbọ́ láti Houston: ọmọ á kó búrẹ́dì pamọ́, á bínú láìnídìí, á sunkún ìyá tó bí i, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé abara-moore-jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá. Òfin Colombia, ìyẹn òfin 1098 ti 2006, sọ pé ọmọ á máa jẹ́ orúkọ ìdílé àwọn tó gbà á, àmọ́ orúkọ tiẹ̀ gan-an, wọn ò lè yí i padà àfi tó bá kéré sí ọdún 3, tàbí tóun fúnra ẹ̀ bá gbà, tàbí tí adájọ́ rí ìdí pàtàkì. Ó dùn mọ́ mi nínú. Orúkọ yẹn wà lára ìwọ̀nba nǹkan tó jẹ́ tiẹ̀ tó máa bá a wọ bàálù. Ẹ lè fi tiyín kún un, ẹ fún wọn lóríkì, àmọ́ ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Oyin àti iyọ̀ ò kúkú ń bàjẹ́, ẹ tọ́jú wọn.

Àti pé kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màmá, ẹ má bínú, rárá ni màá sọ. Ọmọ ọdún 11 ò ṣeé tẹ́ sórí itan fún ìwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oṣù mélòó kan kọjá, kó jẹ́ ọwọ́ ìyá àti bàbá tuntun yẹn nìkan ni wọ́n á ti máa gba oúnjẹ, kí wọ́n mọ ẹni tó ni wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí fídíò kọ́ọ̀lù. "Abuela" ni wọ́n ń pe ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín bẹ́ẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá wá lọ, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi dàgbà, ọwọ́ yín ò ní ṣàjèjì sí wọn. Iyán ni kẹ́ ẹ rọra.

Kí ló dé tí kò gba ọmọ ilẹ̀ wa? Child Rights Act ti 2003, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà, ní ẹni tó fẹ́ gba ọmọ àti ọmọ náà gbọ́dọ̀ jọ máa gbé ní ìpínlẹ̀ kan náà, kí ọmọ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ ó kéré tán oṣù mẹ́ta, kó sì ti sọ fún wẹ́fíà lọ́dún kan ṣáájú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Houston, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Birmingham fẹ́ gba ọmọ àbúrò wa tó ti kú, ọmọ ọdún 13 ni. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní tá a bá ti gbàwé kóòtù níbí, fíísà ti délẹ̀. (Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, irọ́ ni. Láti 12 March 2021 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá gbígba ọmọ láti Nàìjíríà ṣọmọ dúró, àfi tí ọ̀rọ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá gba ibòmíì mú ọmọ wọlé, ẹ̀wọ̀n lè kan ẹ̀gbọ́n yín. Kó bá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n níbẹ̀ sọ̀rọ̀ bóyá ọ̀nà míì wà tí kì í ṣe ìsọdọmọ. Ní báyìí ná, kó máa fi owó iléèwé ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì gba tọwọ́ ẹ́jẹ́ǹtì yẹn padà.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, tíṣà ni mí ní Kàbà, mi ò tíì lọ́kọ, ọmọ ọdún 37. Ọmọbìnrin ọdún 10 kan wà ní ilé ọmọ aláìlóbìí tí mo máa ń lọ, gbogbo ẹni tó bá wá ló ń gbójú fò ó lọ wo àwọn ìkókó. Ṣé mo lè gbà á?

ÌDÁHÙN: O lè gbà á o. Òfin tí mo dárúkọ lókè yẹn ní ẹni tí kò lọ́kọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 35, kí ọmọ sì jẹ́ obìnrin bíi tiẹ̀, o ti yege méjèèjì. Àwọn wẹ́fíà ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n á ti máa ka ọdún kan. Má tíì sọ nǹkan kan fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n má dá lílọ kí i dúró, àní lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀.