Owó Ọwọ́ Yín Dà Nínú Ìṣirò Yìí?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́tẹ̀ yìí. Ìbàdàn ni gbogbo wọn ti wá, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ sì ni gbogbo wọn ń sọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mókọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Agbaṣẹ́ṣe kan ló ń kó yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé wá fún mi. Òun ló ń gé e, èmi ń rán an, ₦700 ló sì ń san lórí ẹyọ kan. Mò ń rán mẹ́wàá lójúmọ́, síbẹ̀ owó kì í dúró lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ ní kó fi kún un, ẹ̀rù ló ń bà mí kó má lọ gbé e fún ẹlòmíì. (Aránṣọ, Mókọ́lá)

Kẹ́ ẹ tó bá a sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ìwé àti bírò. Ẹ mú ọjọ́ kan tí NEPA ò mú iná wá, torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ owó yín. Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ lé máṣíìnì àti aago tẹ́ ẹ lọ aṣọ tó gbẹ̀yìn tán. Ká ní wákàtí mẹ́wàá ni.

Ẹ wá kọ ohun tó jáde lápò lọ́jọ́ náà. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tiwa: epo bẹntiróòlù lítà méjì ₦1,800, òwú ₦500, wíìfù etí aṣọ ₦500, owó Máíkírà (takisí Ìbàdàn) lálọ àtàbọ̀ ₦800. Gbogbo aránṣọ ló ń rántí ìwọ̀nyí. Owó ṣọ́ọ̀bù ni wọn kì í rántí, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń san án. Tó bá jẹ́ ₦120,000 lọ́dún, ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 300, ₦400 lójúmọ́ nìyẹn. Máṣíìnì náà ń jẹun: abẹ́rẹ́, òróró, bẹ́líìtì, owó ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ yọ ₦300 sọ́tọ̀ fún un. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦4,300. Nínú ₦7,000 tẹ́ ẹ gbà, ₦2,700 ló kù, ìyẹn ₦270 fún wákàtí kan.

Ṣé ó kéré? Owó-oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 26 ṣe é, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, bíi ₦337 ló ń gbà ní wákàtí kan. Ká má tan ara wa, òfin yẹn ò dè agbaṣẹ́ṣe yín. Ó yọ iṣẹ́ tí wọ́n ń san lórí ẹyọ sílẹ̀, ó sì yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ò tó 25 sílẹ̀. Òṣùwọ̀n la kàn fi ṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ₦337 ní wákàtí kan, kò gbọdọ̀ dín ní ₦767 lórí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ₦767, torí yóò ná an wálẹ̀ ni. Ẹ pe ₦950, ẹ má sì gba ohun tó bá dín ní ₦850, torí ọjọ́ tí iṣẹ́ ò bá sí, ẹ ṣì máa jẹun.

Ọjọ́ tó bá kó aṣọ dé ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rán an tán, aṣọ ti di tiẹ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ dì mú mọ́. Oṣù kẹjọ ló dáa jù, nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé: òun ló ń wá yín nígbà náà.

Kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tú ìdì aṣọ náà kalẹ̀, ẹ kà á, ẹ gbé apá lé apá, ọrùn lé ọrùn. Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: yóò gé ọrùn ní wíwọ́, ẹ̀yin á fi ààbọ̀ wákàtí tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe, yóò sì tún ní ẹ pẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú rírán tó bá tú, ẹ̀yin ló máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n bá gé ṣì, owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín, òótọ́ ni, ó lè gbé e lọ. Ẹ bá aránṣọ mẹ́rin márùn-ún tó wà ní àdúgbò sọ̀rọ̀. Ẹ má fẹnu kò lórí iye kan náà, torí ọwọ́ yín ò dọ́gba. Iye tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà á kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni kẹ́ ẹ jọ mọ̀.

Búkà kan ní Bódìjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwo bá fọ́, tàbí tí oníbàárà bá jẹun sá lọ, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó-oṣù wa. Ṣé ó bófin mu? (Òṣìṣẹ́ búkà)

Kò bófin mu. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ò gbà kí wọ́n máa fi owó ìtanràn gé owó òṣìṣẹ́. Ohun tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bà jẹ́, wọ́n lè yọ iye tó bójú mu lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé fọwọ́ sí i. Ẹni tó jẹun sá lọ kì í ṣe gbèsè yín rárá.

Ẹ má jà. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo rí ₦38,000 gbà lónìí. ₦2,000 tẹ́ ẹ yọ fún àwo ló kù. Ẹ ṣeun mà.” Bó fèsì, bí kò fèsì, ẹ̀rí ti wà pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní irú rẹ̀ bíi mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, tàbí ti Legal Aid Council (àjọ ìjọba tó ń bá mẹ̀kúnnù wá agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́), tó wà n’Íbàdàn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, tẹ́ ẹ sì ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí ẹ ò tíì pé ọdún méjì, ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n fún yín ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, tàbí owó ọ̀sẹ̀ náà.

Aṣọ ni mò ń fọ̀ láti ilé dé ilé ní Àpáta. ₦3,000 ni fún “ìfọ̀ kan”, ṣùgbọ́n aṣọ ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. (Afọṣọ, Àpáta)

“Ìfọ̀ kan” yẹn ló ń pa yín lára. Ẹ sọ ọ́ di ẹyọ-ẹyọ. Kí aṣọ tó kan omi, ẹ kà á lójú ẹni tó ni ín. Kọ́tìnnì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì kì í bá ṣẹ́ẹ̀tì gba iye kan náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fa omi nínú kànga, owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Agbádá, bùbá àti ṣòkòtò, mẹ́ta ni, kì í ṣe “aṣọ kan”. Tó bá jẹ́ gínì tó máa gba sítáàṣì, owó sítáàṣì àti ti lílọ̀ dá dúró. Tí fìlà bá tẹ̀lé e, ẹ ka fìlà náà mọ́ ọn.