Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ṣé Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Kan Ìdènà Kíkó Ènìyàn Ṣòwò?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì fẹ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní iṣẹ́ ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò nìyẹn, pé kò kan ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn. Kí ni ẹ rí sí i, níbo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó kàn yín gan-an. Àdéhùn Palermo lórí kíkó ènìyàn ṣòwò, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé ní ọdún 2000, kò dá lórí fífi ìyà jẹ ọ̀daràn nìkan. Ó mẹ́nu ba ìdènà pẹ̀lú, àti ìtọ́jú ara àti ọkàn àwọn tí wọ́n kó ṣòwò.

Ẹni tí wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn kì í jẹ́ kí ó dá jáde, lè má bá ọlọ́pàá pàdé rárá, ṣùgbọ́n oyún, egungun tí ó ṣẹ́ tàbí àrùn ìbálòpọ̀ lè gbé e dé iwájú nọ́ọ̀sì. Ẹ lè ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó tẹ̀ lé e wá ni ó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, tàbí pé aláìsàn kò mọ àdírẹ́sì ibi tí ó ń gbé. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ẹ wá ọ̀nà láti bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì lo ògbufọ̀ mìíràn, kì í ṣe ẹni tí ó mú un wá.

Ibí ni ìtara ti máa ń ṣèpalára. Ẹ má fi dandan gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀mí àwọn ẹbí rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Ààbò rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó ké sí ẹnikẹ́ni, àyàfi níbi tí òfin bá ti pàṣẹ mìíràn. Ti ọmọdé yàtọ̀: òfin ààbò ọmọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Àmọ́ ìdènà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ìwòsàn. Àjọ àgbáyé tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe ìṣirò pé mílíọ̀nù 27.6 ènìyàn ni ó wà nínú iṣẹ́ àfipáṣe ní ọdún 2021, ìpín 63 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó sì wà lọ́wọ́ àwọn aládàáni ní ẹ̀ka iṣẹ́ bíi oko, iṣẹ́ ìkọ́lé, ilé iṣẹ́ àti iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, yàtọ̀ sí òwò ìbálòpọ̀. Nítorí náà, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ìlera tí ó bá mọṣẹ́ yóò tún bá àwọn aṣòfin jà lórí owó tí àwọn agbàsíṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, èyí tí ó máa ń di gbèsè tí a fi ń dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yín. Ẹ béèrè ẹni tí a ó pè bí aláìsàn bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀gànjọ́ òru. Bí kò bá sí ìlànà kankan, ẹ kó òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn aráàlú, agbẹjọ́rò àti àwọn tí wọ́n ti bọ́ nínú ìgbèkùn náà jọ láti kọ ọ́, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ fún àwọn tí wọ́n bọ́ wọ̀nyí. Oyè gíga nínú ìmọ̀ ìlera aráàlú yóò wúlò nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọ iṣẹ́ ìwádìí tàbí ìṣètò ìlànà ìjọba, ṣùgbọ́n ó lè dúró di ẹ̀yìn èyí.