Relay ní kìlómítà 62, a débẹ̀ a ò rí nǹkan kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láìnì iná 330 kV wa trip (iná ẹ̀ gé) lóru, relay (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ láìnì) ọ̀dọ̀ wa sọ pé kìlómítà 62 ni fọ́ọ̀tì (ibi tí láìnì ti bàjẹ́) wà. A wọ inú igbó, a yẹ òpó wò títí, àfìgbà tó di ọ̀sán la rí igi tó ti jóná lábẹ́ wáyà ní bíi kìlómítà 71. Wọ́n ní tá a bá ní PMU (ẹ̀rọ tó ń wọn iná, tó sì ń fi aago sí i) ní orí kìíní àti orí kejì láìnì, a ò ní wá fọ́ọ̀tì kiri mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, òótọ́ ni, àmọ́ ó níbi tó mọ.

Relay yín ń pín fọ́ltéèjì tó rí fún kọ́rẹ́ńtì tó ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí wáyà ṣe gùn tó dé ibi fọ́ọ̀tì. Tó bá jẹ́ wáyà ló kanra wọn gbágbá, kò sí wàhálà, àmọ́ igi ní resistance (bó ṣe ń dí kọ́rẹ́ńtì lọ́wọ́) tiẹ̀, kì í sì í ṣe kọ́rẹ́ńtì tiyín nìkan ló ń gba inú igi yẹn wọlẹ̀, ti òdìkejì náà ń bá a lọ, relay yín ò sì rí ìyẹn. Ó dá mi lójú díẹ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni iná ti ń lọ sí òdìkejì lóru yẹn, torí tó bá rí bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀tì onígi máa ń dà bíi pé ó sún mọ́ yín ju bó ṣe wà lọ.

PMU (Phadke àti Thorp ló ṣe é jáde ní Virginia Tech ní 1988) ń wọn fọ́ltéèjì àti kọ́rẹ́ńtì, bó ṣe pọ̀ tó àti àńgùlù ẹ̀, aago GPS kan náà ni gbogbo wọn sì ń wò. Ká sọ pé Jẹ́bbà sí Òṣogbo ni, bíi kìlómítà 157. Ìwọ gbéra láti Jẹ́bbà, o ń yọ fọ́ltéèjì tí wáyà ń jẹ kúrò bó o ṣe ń lọ, ẹnì kan gbéra láti Òṣogbo, òun náà ń yọ tiẹ̀, ibi tí iye ẹ̀yin méjèèjì ti bára mu, ibẹ̀ ni fọ́ọ̀tì wà, torí fọ́ltéèjì méjì ò lè wà lójú kan ṣoṣo. Resistance igi ò tiẹ̀ wọ inú ìṣirò náà:

d = (V1 − V2 + Z×I2) ÷ (Z×(I1 + I2))

V ni fọ́ltéèjì, I ni kọ́rẹ́ńtì, 1 àti 2 ni orí kìíní àti orí kejì, Z ni impedance (bí wáyà ṣe ń dí kọ́rẹ́ńtì lọ́wọ́) ti gbogbo láìnì, d ni ìdá tó wà láàárín orí kìíní àti fọ́ọ̀tì, kọ́rẹ́ńtì méjèèjì sì ni ká kà bí èyí tó ń wọnú láìnì. Aago ṣe pàtàkì gan-an o: ní 50 Hz, tí aago bá fi 1 millisecond yàtọ̀, àńgùlù ti fi 18 degree ṣìnà nìyẹn, ti GPS tó jẹ́ 1 microsecond ò ju 0.018 lọ.

Lo positive sequence (ìpín iná tó dọ́gba lórí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta). Zero sequence (ìpín tó ń lọ síbì kan náà lórí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta) ń gba inú ilẹ̀, ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ àti ilẹ̀ òjò ò sì rí bákan náà, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jàre. Èyí tó máa ń tan àwọn èèyàn jù ni pé breaker (ẹ̀rọ tó ń gé iná) lè gé fọ́ọ̀tì láàárín 100 millisecond, tí PMU bá ń rán ìwọ̀n 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò lè ju márùn-ún lọ tó máa bọ́ sí ọwọ́ ẹ, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ti dà pọ̀ mọ́ ìgbà tí kò sí fọ́ọ̀tì, èyí tó wà láàárín ni kó o mú.

Tẹ́ ò bá tíì ní PMU, ẹ fa rékọ́ọ̀dù relay orí méjèèjì jáde. Tí aago wọn ò bá dọ́gba, lo ìwọ̀n tó wà kí fọ́ọ̀tì tó dé láti fi tún àńgùlù wọn tò. Ẹ ti mọ̀ pé 71 ni báyìí, ẹ fi rékọ́ọ̀dù òru yẹn dán an wò ná, kẹ́ ẹ wo iye tó máa gbé jáde.